Àwọn Ayàwòrán Ìtàn Wa: Ta Ni Yóò Ni Iṣẹ́ Ọwọ́ Wọn?

Gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tí ó lọ́lá ní ilẹ̀ wa ni ó ní agbo ilé tirẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní olórí, ahunṣọ ní ẹgbẹ́, àyàn ní ìdílé, agbẹ́gilére sì ní ọ̀gá tí ó kọ́ ọ àti ọmọ-iṣẹ́ tí yóò jogún irin iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ rẹ́ ọ̀kan nínú wọn jẹ, ó mọ̀ dájú pé agbo ilé kan ni òun dojú kọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà láàárín wa tí kò ní agbo ilé, tí kò ní olórí, tí kò sì ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀ ní ààfin tàbí ní ìgbìmọ̀ ìlú. Iṣẹ́ náà ni ti àwọn tí ń fi àwòrán sọ ìtàn: àwọn tí ń pín ojú ìwé sí ìpín-ìpín bí àgbẹ̀ ti ń pín oko, tí wọ́n ń ya ènìyàn sínú ìpín kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀bá orí rẹ̀. Kọ́míìkì ni àwọn ọmọ wa ń pe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń yà á ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní oṣù yìí, nítorí ó hàn sí wa gbangba pé bí a kò bá tètè ṣe nǹkan, làálàá iṣẹ́ náà yóò máa jẹ́ ti àwọn ọmọ wa, èrè àti orúkọ rẹ̀ yóò sì máa jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Kì í ṣe àwọn díẹ̀ tí ilé ìwé ìròyìn ńlá ń sanwó oṣù fún ni a ní lọ́kàn. Àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, láìsí atẹ̀wé tí ó gbà wọ́n, láìsí ṣọ́ọ̀bù tí ń bá wọn tajà. Ọ̀sán ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ òòjọ́: ọ̀kan ń kọ pátákó ojú ṣọ́ọ̀bù, òmíràn ń ya àwòrán sára ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀kẹta ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òru ni wọ́n fi ń ya ìtàn. Bí ìtàn bá parí, wọn a gbé e lọ sí ilé fọ́tòkọ́pì, tàbí kí àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin da owó jọ kí wọ́n gbé e tọ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú lọ ní Èkó. Fúnra wọn ni wọn yóò pa ojú ìwé pọ̀ tí wọn yóò sì gún un lẹ́yìn. Ọwọ́ sí ọwọ́ ni wọn yóò sì tà á. Láyé òde òní, ẹlòmíràn a fi tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ènìyàn lè kà á lórí ẹ̀rọ alágbèéká. Wọ́n mọ ara wọn bí àwọn ọdẹ inú igbó kan náà ti mọ ara wọn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára ní yíya ènìyàn yóò ya ènìyàn, ẹni tí ó mọ̀wé kọ yóò kọ ọ̀rọ̀, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ yóò yá ẹni tí kò ní. Bí ẹnìkan bá yà á tí kò dára, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un, a kò sì ní gbọ́ ìjà.

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ wọ́n láti kékeré. Òun ni ọmọ tí ìṣirò wà ní iwájú ìwé rẹ̀, tí ìtàn alágbára kan sì wà ní ẹ̀yìn ìwé kan náà, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dúró láti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọ̀la. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti fa irú ìwé bẹ́ẹ̀ ya, tí wọ́n sì fi pàṣán kún un. A ń kọ́ àwọn olùkọ́, a sì ń sọ fún wọn lójoojúmọ́ pé kí wọ́n wá ohun tí ọmọ fẹ́ràn kí wọ́n fi kọ́ ọ; síbẹ̀, nígbà tí ọmọ bá gbé ohun tí ó fẹ́ràn wá fúnra rẹ̀, ìyà ni a fi ń san án fún un.

Àwọn kan nínú wa a máa wí pé iṣẹ́ òyìnbó ni èyí, àti pé kò kan àṣà ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Èkó lè ní àwíjàre. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìṣẹ̀ kò ní rárá. Láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Alààyè tí ó tẹ̀dó sí Ìṣẹ̀ tí ó sì ń gbẹ́ igi fún Arínjalẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ọ̀gọ̀gà ti Ìkẹ́rẹ́. Ó pín ojú ilẹ̀kùn náà sí ìpín-ìpín láti òkè dé ilẹ̀, ó sì fi wọ́n sọ ìtàn ọjọ́ tí Kápútẹ́ẹ̀nì Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ Ìkẹ́rẹ́. Ọba jókòó nínú ọlá rẹ̀ pẹ̀lú adé lórí, olorì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó náà dé nínú àga tí àwọn ènìyàn gbé lé èjìká, àwọn aláàárù sì wà pẹ̀lú ẹrù wọn. Ẹni tí kò mọ ábídí lè dúró níwájú ilẹ̀kùn náà kí ó mọ ẹni tí ó jẹ́ onílé, ẹni tí ó jẹ́ àlejò, àti ẹni tí ó ru ẹrù àlejò. Kí ni kọ́míìkì, bí kì í bá ṣe èyí?

Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1975. Ní ọdún náà, àwọn atẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwé kọ́míìkì kan jáde fún títà ní Nàìjíríà, orúkọ rẹ̀ sì ni Powerman. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, tí àwọn méjèèjì di olókìkí lẹ́yìn náà, ni wọ́n yà á. A sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí àwòrán kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, nítorí pé àwọn ará Nàìjíríà kò mọ bí a ti í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún nígbà náà tí Ọlọ́wẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ láìkọ nọ́ńbà kankan sí i, a kò sì gbọ́ pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kan ṣìnà lójú ilẹ̀kùn náà.

Ṣùgbọ́n ìtàn ilẹ̀kùn yìí ní apá kejì, apá kejì náà ni ó kan àwọn ọ̀dọ́ wa jù. Ní ọdún 1924, a gbé e lọ sí àfihàn ńlá ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. British Museum rí i, wọ́n sì fẹ́ rà á. Ọ̀gọ̀gà kò gbà láti tà á. Ó gbà kí wọ́n fi àga ọba tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Lọ́wọ́ ilé náà ni ilẹ̀kùn ọ̀hún wà títí di òní. A kò dá ọba náà lẹ́bi, nítorí ọba ni ó ni ààfin, ó sì gbà pé Ọlọ́wẹ̀ lè gbẹ́ òmíràn. Ohun tí ó yẹ kí ó dùn wá ni pé àwọn tí ń wò ó ní òkè òkun ń yìn iṣẹ́ náà láìmọ ẹni tí ó ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí orúkọ Ọlọ́wẹ̀ tó di mímọ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀.

Nílé ńkọ́? Nílé, orúkọ náà kò sọnù rárá. Ọlọ́wẹ̀ papò dà ní nǹkan bí ọdún 1938. Ní ọdún 1988, nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan wá bèèrè, ọ̀kan nínú àwọn aya Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láàyè tí ó ń ki oríkì rẹ̀, oríkì náà sì ka àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àti àwọn ìlú tí ó ti ṣe wọ́n. Nígbà tí ó di ọdún 1998, ilé ìkóhun-ọnà ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní Washington ṣe àfihàn tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ nìkan, ohun tí aya rẹ̀ rántí sì wà lára ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fún wa. Àwọn baba wa kò kọ orúkọ sí ara igi, ṣùgbọ́n wọ́n ní oríkì, oríkì a sì máa ṣọ́ ẹni tí ó ni iṣẹ́. Ọ̀dọ́ ayàwòrán ti òde òní kò ní ẹni tí ń ki í. Bí kò bá kọ orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì di ẹ̀tọ́ rẹ̀ mú, kò sí olórí ẹbí tí yóò rántí rẹ̀ lẹ́yìn àádọ́ta ọdún.

Láti orí igi ni iṣẹ́ yìí ti bọ́ sórí ìwé, a sì mọ àwọn tí wọ́n la ọ̀nà. Akinọla Laṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí a bí ní ọdún 1916, kọ́ nínú iṣẹ́ àwòrán nípa ẹ̀kọ́ tí a ń fi lẹ́tà kọ́ni láti òkè òkun. Láti ọdún 1944 ni ó ti ń ya àwòrán fún West African Pilot, ìwé ìròyìn tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní ọdún 1937, tí ó sì ń fọwọ́ sí i pẹ̀lú orúkọ Lash. Ẹni tí kò lè ka ọ̀rọ̀ olóòtú lè wo àwòrán Lash kí ó mọ ohun tí ìjọba ń fi ènìyàn ṣe. Ní oṣù Keje ọdún 1945, nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá àwọn òṣìṣẹ́, ìjọba ti ìwé ìròyìn náà pa fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: Laṣekan kọ orúkọ sí iṣẹ́ rẹ̀, ìdí nìyí tí a fi lè dárúkọ rẹ̀ lónìí láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ tiwa dìde. Dele Jegede, tí a bí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ní ọdún 1945, jẹ́ olóòtú àwòrán ní ilé ìwé ìròyìn Daily Times nígbà kan rí, àwòrán ìtàn rẹ̀ tí ó pè ní Kole the Menace sì ń jáde nínú Sunday Times. Ẹni yìí kan náà lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Indiana University ní ọdún 1983, ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-ọnà Nàìjíríà, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Miami University ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ẹ̀yin òbí tí ń sọ fún ọmọ yín pé yíya àwòrán yóò sọ ọ́ di aláìríṣe, ẹ rántí pé ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n Laṣekan àti Jegede rí ilé ìwé ìròyìn gbà wọ́n. Àwọn tí kò rí ẹni gbà wọ́n ńkọ́? Ní ọdún 1976, Wale Adenuga, tí ó ti ń ya àwòrán nígbà tí ó wà ní Yunifásítì Èkó, fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìwé Ikebe Super jáde. Orúkọ ìwé náà kì í ṣe èyí tí a lè pè lórí pẹpẹ, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì yẹ fún ọmọdé. Síbẹ̀ gbogbo ilẹ̀ yìí ni ó kà á. Láti inú rẹ̀ ni Papa Ajasco ti jáde, tí ó di eré sinimá ní ọdún 1984, tí ó sì dé orí tẹlifíṣàn lẹ́yìn náà. Nítorí pé ọkùnrin náà ni ó ni ìwé rẹ̀, òun náà ni ó ni èrè gbogbo ohun tí ìwé náà bí. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ wa.

Kí a lè rí kókó yìí kedere, ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà, níbi tí iṣẹ́ yìí ti di òwò ńlá ṣáájú tiwa. Ní ọdún 1938, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Jerry Siegel àti Joe Shuster, ta Superman fún atẹ̀wé wọn ní dọ́là 130. Àìmọye owó ni Superman ti pa láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn méjèèjì sì fi wà ní ilé ẹjọ́ àti nínú àìní. Ní ọdún 1954, nígbà tí àwọn òbí àti àwọn aṣòfin ń kígbe pé kọ́míìkì ń ba ọmọ jẹ́, àwọn atẹ̀wé ńlá ṣe òfin tí ó le koko fún ara wọn, ìwé tí kò bá sì gba òǹtẹ̀ òfin náà, àwọn aláròóbọ̀ kì í fẹ́ gbé e. Báyìí ni ọ̀nà di fún ẹnikẹ́ni tí ó ní ohun mìíràn láti sọ.

Àwọn tí ọ̀nà dí mọ́ ni ó lọ sí abẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1968, Robert Crumb gbé ìwé Zap Comix jáde ní San Francisco. Òun àti aya rẹ̀ kó o sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́, wọ́n sì ń tì í kiri ìgboro bí a ti ń kiri àkàrà. Ní ọdún 1969, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin láti Texas da owó jọ, wọ́n sì dá ilé ìtẹ̀wé Rip Off Press sílẹ̀ ní ìlú kan náà. Àwọn obìnrin, tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbà láyè, gbé ìwé tiwọn jáde ní ọdún 1970. Ní ọdún 1972 wọ́n bẹ̀rẹ̀ Wimmen's Comix, tí ó wà fún ogún ọdún. A kò yìn gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí yà. Ìwà ìbàjẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, àbùkù àwọn ènìyàn dúdú náà sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin kan lélẹ̀ láàárín ara wọn tí ó sàn ju ti àwọn atẹ̀wé ńlá lọ: ẹni tí ó bá ya àwòrán ni ó ni àwòrán. Nínú ẹgbẹ́ wọn ni Art Spiegelman wà. Ní ọdún 1972 ó ya ojú ìwé mẹ́ta péré fún ọ̀kan nínú ìwé abẹ́lẹ̀ wọn, nípa ìyà tí bàbá rẹ̀ jẹ lọ́wọ́ ìjọba Hitler. Ó di ìtàn náà mú, ó fẹ̀ ẹ́ lójú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì pè é ní Maus. Ní ọdún 1992 a fún un ní ẹ̀bùn Pulitzer nítorí rẹ̀. Nínú ilẹ̀ tí àwọn àgbà ń tu itọ́ sí ni èso náà ti hù.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dá àwọn tí ń ṣàtakò lóhùn, nítorí àtakò wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣákálá. Ẹni ìkíní wí pé ìwé wọ̀nyí kún fún ìṣekúṣe. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni wá, a kò sì ní pe dúdú ní funfun. Èyí tí ó burú burú. Ṣùgbọ́n a bèèrè: nígbà tí Ikebe Super ń tà bí ẹ̀kọ gbígbóná, ìwé àwòrán wo ni àwa tí ń pariwo fi sí ọwọ́ ọmọ dípò rẹ̀? Ọmọ tí ebi ń pa tí a kò fún ní oúnjẹ nílé yóò jẹ níta, a kò sì lè yan ọbẹ̀ fún un níbẹ̀. Bí àwọn tí ó mọ̀wà bá sá kúrò nínú iṣẹ́ kan, àwọn tí kò mọ̀wà nìkan ni yóò kù síbẹ̀.

Ẹni kejì wí pé àwọn ayàwòrán wọ̀nyí ń fi àwọn àgbà àti àwọn olóyè ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀yin olóyè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Ní Kétu, ní ìlú tí ó ní ọba aládé, Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a sì máa kọrin bú olè, a máa kọrin bú òpùrọ́, a sì máa bá aláṣẹ wí ní gbangba. Ìlú kò tú. Ní ọdún 2001 àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ogún ńlá gbogbo ayé. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn ni ọjọ́ tí ẹnu kò ní ìdè. Àwọn baba wa mọ̀ pé ìlú tí a kò ti lè rẹ́rìn-ín, òfófó àti ọ̀tẹ̀ ni yóò gba ibẹ̀. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni Ẹ̀fẹ̀ tí a fi yíǹkì kọ. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni òtítọ́, kí ó má parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sọ òtítọ́ tí inú sì bí wa, kì í ṣe ayàwòrán ni ó yẹ kí ó tún ìwà ṣe.

A ti dá àtakò lóhùn. Ewu tòótọ́ tí ó wà níbẹ̀, méjì ni.

Èkíní ni ti ẹ̀tọ́. Òfin ẹ̀tọ́ àṣẹ̀dá ti Nàìjíríà, ti ọdún 2022, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, fún ayàwòrán ní ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ títí ayé rẹ̀ àti fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òfin náà sọ pẹ̀lú pé a kò lè gba ẹ̀tọ́ yìí pátápátá lọ́wọ́ rẹ̀ àfi nípa ìwé kíkọ. Ìwé kíkọ náà ni ó wá di pańpẹ́. Ọ̀dọ́ tí kò tíì rí owó rí yóò rí ìwé àdéhùn tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ́jú pọ̀ kọ, yóò rí owó díẹ̀ lórí tábìlì, yóò sì fọwọ́ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ni ó tà; ó ta ti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Pàṣípààrọ̀ ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ ni èyí, ṣùgbọ́n èyí burú jù ú lọ, nítorí nínú ti ìṣáájú, àga dé sí ààfin.

Ẹ wo ẹni tí ó ṣe é yàtọ̀. Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà, kò dúró de atẹ̀wé. Ní ọdún 2015 ó tọrọ ìrànlọ́wọ́ owó lọ́wọ́ àwọn òǹkàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, YouNeek Studios. Nígbà tí ó di ọdún 2021, ilé ìtẹ̀wé ńlá Dark Horse wá bá a ṣe àdéhùn. Ìtàn Iyanu, ọmọbìnrin tí a gbé kalẹ̀ nínú ilẹ̀ tí ó jọ ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, wà nínú àwọn ìwé náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ó di àwòrán tí ń rìn lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá ti ní oko tirẹ̀ ni oníbàárà ń tọ̀ wá; ẹni tí kò ní oko, alágbàro ni yóò máa jẹ́.

Èkejì ni ti èdè. Ẹ jẹ́ kí a wo Comic Republic, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2013. Àwọn akọni wọn ń jẹ́ Ireti, wọ́n ń jẹ́ Eru, wọ́n ń jẹ́ Aje. Orúkọ Yorùbá ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá la ẹnu, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò jáde. Bákan náà ni ìwé Iyanu. A kò bá àwọn tí ó ṣe wọ́n jà. Wọ́n ń wá ọjà tí ó gbòòrò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ fún wa pé Yorùbá kò lè tà. Ní ọdún 1967 ni Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tí ó ń fi fọ́tò sọ ìtàn àwọn ẹgbẹ́ òṣèré wa, ọ̀rọ̀ Yorùbá sì ni a kọ sí i. Àwọn ìyá ọlọ́jà tí kò ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì kan rí ka Atọ́ka.

Fún àwa ará Ìlúmọba, ọ̀rọ̀ èdè yìí jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè tí a ń sọ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìṣẹ̀ àti ní Emùré kì í ṣe èyí tí a ń kọ sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Yorùbá tí gbogbo ènìyàn gbọ́ ni a fi ń kọ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ. Níbo ni a ó wá kọ ohùn ìyá wa sí? Ìwé òfin kò gbà á, ìwé ìṣirò kò gbà á. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àwòrán ìtàn, ẹnu ènìyàn ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde, ẹnu ènìyàn sì ní ìlú tí ó ti wá. Ayàwòrán lè jẹ́ kí olùkọ́ sọ Yorùbá ilé-ẹ̀kọ́, kí ìyá àgbà sì dá a lóhùn ní èdè Ìkẹ́rẹ́ pọ́ńbélé, òǹkàwé yóò sì gbọ́ àwọn méjèèjì. Àwọn atẹ̀wé a máa ráhùn pé ẹ̀rọ wọn kò ní àmì ohùn. Ọwọ́ tí ó mú bírò kò nílò ẹ̀rọ kí ó tó fi àmì sórí ọ̀rọ̀. A kò mọ irú ìwé mìíràn tí ó bá èdè wa mu tó báyìí.

Kí ni ó wá yẹ kí Ẹgbẹ́ wa ṣe? A dá a lábàá báyìí. Kí ìwé yìí ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún àwòrán ìtàn láti ọwọ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, ní Yorùbá tàbí ní èdè ìlú rẹ̀. Kí a sanwó fún un, kí a kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀tọ́ iṣẹ́ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àwọn agbẹjọ́rò tí ó wà nínú Ẹgbẹ́ gbà láti bá ọ̀dọ́ ayàwòrán kọ̀ọ̀kan ka ìwé àdéhùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó tó fọwọ́ sí i. Kí a máa kó ẹ̀dà méjì jọ nínú ohun gbogbo tí wọ́n bá tẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fọ́tòkọ́pì lásán, kí ọ̀kan wà ní ilé ìkàwé, kí èkejì sì wà ní ààfin. Nítorí ìwé tí a fi owó díẹ̀ ṣe kì í pẹ́ ya, bí ó bá sì ti ya tán, bí ẹni pé a kò yà á rí ni. Láti ọdún 2012 ni àwọn ayàwòrán ti ń péjọ ní Èkó fún ìpàdé tí wọ́n ń pè ní Lagos Comic Con. Kí a pe tiwa jọ ní Ìkẹ́rẹ́ fún ọjọ́ kan ní àkókò ìsinmi Àjíǹde, nígbà tí àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn odi máa ń wálé, kí wọ́n mọ ara wọn, kí àwọn olóyè sì mọ̀ wọ́n. Kí a má gbàgbé àwọn ọmọbìnrin nínú ìpè náà. Àti fún ẹ̀yin olùkọ́: bí ẹ bá rí ìtàn ní ẹ̀yìn ìwé ìṣirò, ẹ bá ọmọ náà wí nítorí ìṣirò tí kò ṣe, kí ẹ sì fún un ní ìwé mìíràn fún ìtàn rẹ̀.

Owó tí èyí yóò ná wa kò tó owó tí a ń ná sórí ìnáwó ọjọ́ kan ṣoṣo. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kò bèèrè oyè, wọn kò sì bèèrè kí a gbóríyìn fún gbogbo ohun tí wọ́n bá yà. Ohun tí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ní ilẹ̀ yìí ti ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ṣe aláìní: agbo ilé tí yóò dúró lẹ́yìn wọn. Ó wà ní ọwọ́ wa láti jẹ́ agbo ilé náà. A ó gbé àbá wọ̀nyí síwájú ìpàdé Ẹgbẹ́ tí ń bọ̀. A sì bẹ ẹ̀yin ọlọ́lá àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé pé kí ẹ wá, kí ẹ má wá lọ́wọ́ òfo, kí olúkúlùkù mú orúkọ ọ̀dọ́ kan tí ó mọ̀ ní àdúgbò rẹ̀ dání.